Ọ̀bẹ Mú, Kò Gé Iṣu

Ilé wa ní Lálúpọn,
Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi.

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Kí o tó ka ìwé yìí jìnnà, gbé ọwọ́ òsì rẹ lé orí itan, síbi tí ojú rẹ á ti máa rí i. Wo ìka tí wọ́n rán yẹn. Máa wò ó bí o ṣe ń kà á lọ, nítorí òun gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ìwọ fúnra rẹ, mo ti bá ọ sọ ọ́ títí lórí fóònù, gbogbo ohun tí mo sì ń rí gbà ni "Mo ti gbọ́, Màmá," bí ẹni tó ń lé adìẹ kúrò nídìí àgbàdo.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ ọwọ́ náà síwájú Ọlọ́run nínú ìsìn àárọ̀ yìí. Àwọn ìyá ìjọ bá mi ṣe àmín, ìyá tó jókòó tì mí tiẹ̀ sunkún. Ọlọ́run á wò ó sàn. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò ní sọ̀kalẹ̀ wá bá ọ pọ́n ọ̀bẹ. Ìyẹn ló jẹ́ kí n wá bírò nígbà tí mo dé láti ìsìn, kí n sì jókòó sídìí tábìlì bàbá rẹ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń bí mi nínú, kí n lè ráyè sọ ìyókù. Láti ìgbà tí o ti ṣègbéyàwó tí o kó lọ sí Adégbayì, tí wọ́n sì fi ọ́ ṣe olórí àwọn alásè nílé ìwé tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀ yẹn, èmi ni mo di ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ fún ọ. O máa ń dì wọ́n sínú àpò, o máa ń fi rán awakọ̀ tó ń ná Lálúpọn, èmi á jókòó sídìí òkúta, mo á sì fi rán awakọ̀ padà. N kò sọ pé kò dára. Ọmọ ni ọ́, ọwọ́ mi sì mọ̀ ọ́n ṣe. Àmọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, awakọ̀ gbé àpò sílẹ̀, ó ní o ní kí n tètè pọ́n wọn kí òun lè wá kó wọn lọ́jọ́ Ajé. Mo bi í léèrè bóyá àlàáfíà ni o wà. Ló bá ń wo ilẹ̀.

"Màmá, ṣé Àǹtí ò tíì sọ fún yín pé ọ̀bẹ gé wọn lọ́wọ́ ni?"

Èmi tí mo bí ọ, ẹnu awakọ̀ ni mo ti gbọ́ pé wọ́n rán ọmọ mi lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn. Àjèjì mọ̀ ọ́n kí n tó mọ̀ ọ́n. Mo dúró síwájú ilé, mo di àpò ọ̀bẹ mú, mo kàn kí i pé ó ṣeun.

Mo pe ọkọ rẹ. Akínwálé kì í lè purọ́ fún mi, Ọlọ́run má sì jẹ́ kó kọ́ ọ, ó rò ó fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní ọ̀bẹ ńlá náà kò gé nǹkan mọ́, àánú rẹ wá ṣe òun, òun bá gbé e lọ bá wẹ́dà tó wà lójú títì. Wẹ́dà tan ẹ̀rọ, iná ń ta, ọ̀bẹ padà wálé, ó ń dán. Ìwọ fi àtàǹpàkò kàn án, o ní ó mú. O gbé e lọ sí ìdáná ilé ìwé. O gbé e lé iṣu, ó wọlé díẹ̀, ó há. O tẹ̀ ẹ́, kò lọ. O wá fi ọwọ́ òsì di iṣu mú, o fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, iṣu là lójijì, ọ̀bẹ yẹ̀ gẹ̀rẹ̀, orí ìka ló bọ́ sí. Dókítà ní díẹ̀ ló kù kó kan iṣan tó ń ká ìka náà. Díẹ̀ ló kù, Àṣàkẹ́. Alásè tí ìka rẹ̀ kò ká mọ́, kí ni yóò máa fi di iṣu mú?

Nígbà tí mo wá rí ọ bá sọ̀rọ̀, kí ni o sọ fún mi? O ní ọ̀bẹ náà mú o, kò kàn gé iṣu ni, ó ti gbó, kí n jẹ́ kí o sọ ọ́ nù kí o ra eléèkù pupa wọ̀nyí lọ́jà. Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ níkùnlẹ̀. Ìwọ kò tilẹ̀ kúnlẹ̀, o ń bá mi wá ọ̀bẹ eléèkù pupa.

Sọ èwo nù? Ọ̀bẹ yẹn ni ìyá bàbá rẹ gbé sílẹ̀ níwájú mi ní ọdún tí mo wọ ilé yìí. Wọn kò fi lé mi lọ́wọ́, nítorí nílé wa a kì í fi ọ̀bẹ lé ẹni tí a fẹ́ràn lọ́wọ́, kí ìjà má baà wọ àárín. A máa ń gbé e sílẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ lò ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà gbé e sílẹ̀ fún ọ lọ́jọ́ tí o ń lọ ilé ọkọ, lórí ẹní, níwájú gbogbo ẹbí. O bẹ̀rẹ̀, o mú un, o rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé èèkù nìkan ni o ń wò.

Ọ̀bẹ náà kò gbó. Sanra ló sanra. Wo àáké bàbá rẹ lẹ́yìn ilé. Ó mú, ó ń la igi, ṣùgbọ́n ta ló ń fi àáké gé àlùbọ́sà? Ọ̀bẹ tí à ń pọ́n lẹ́nu nìkan, tí a kò fọwọ́ kan ara rẹ̀, ńṣe ni ẹnu rẹ̀ ń sún sẹ́yìn síbi tí irin ti nípọn. Bó ṣe ń sún, bẹ́ẹ̀ ló ń di àáké. Ó lè mú débi pé yóò fá irun apá rẹ, síbẹ̀ bí o bá gbé e lé iṣu, á há. Ẹnu rẹ̀ ti wọlé, ara rẹ̀ ni kò rí ọ̀nà gbà.

Èmi náà kò mọ èyí nígbà kan, n kò ní purọ́ fún ọ. Ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìyàwó, mo máa ń bá wọn bó gbágùúdá níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí. Àṣà tí mo bá níbẹ̀ ni pé bí ọ̀bẹ ẹnìkan bá kú, á na ọwọ́ sí ẹni tó jókòó tì í, wọn á fi ọ̀bẹ ra ọ̀bẹ, wọn á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Mo kọ́ ọ lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, mo rò pé mo ti gba iṣẹ́. Ariwo rẹ̀ dùn létí, ọ̀bẹ á sì mú fún bíi gbágùúdá méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó tún na ọwọ́. Ká ra ọ̀bẹ ni iṣẹ́ wa gan-an, gbágùúdá bíbó ni à ń fi sinmi.

Ọ̀bẹ tèmi wá sanra débi pé èèpo nìkan kò tó o mọ́, ó ń bá ara gbágùúdá lọ. Ìyá bàbá rẹ kò bá mi wí. Wọn á kàn ṣa èèpo tí mo bó, wọn á yẹ̀ ẹ́ wò, wọn á rí ara funfun tó nípọn lára rẹ̀, wọn á sá a sóòrùn fún ẹran. Lálẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní, "Ìyàwó, àwọn ewúrẹ́ ní kí n máa bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

Ó dùn mí wọra. Mo sunkún sí bàbá rẹ létí, bàbá rẹ ń rẹ́rìn-ín, n kò tíì dárí ẹ̀rín yẹn jì wọ́n tán títí di òní. Lọ́jọ́ kejì ni ìyá gba ọ̀bẹ ọwọ́ mi, àní wọ́n ní kí n gbé e sílẹ̀ kí wọ́n mú un. Wọ́n fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá fún un lára, láti ẹ̀yìn bọ̀ wá sí ẹnu. Wọ́n ní, "Ó mú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló wú." Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pe ara ọ̀bẹ níbi tó ti ń sún mọ́ ẹnu, lápá méjèèjì, orúkọ yẹn ni èmi náà á sì máa pè é títí tí mo fi máa parí ìwé yìí. Wàyí o, jókòó dáadáa.

Èkínní. Wo ọ̀bẹ kí o tó pọ́n ọn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, bí nǹkan bá ti kọ̀, ẹ ó ti sáré gbé e síná. Fi ìka méjì fún un bí ìyá ṣe ṣe. Ó yẹ kó máa fẹ́lẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀yìn títí tí kò fi ní sí nǹkan kan láàárín ìka rẹ mọ́. Bó bá nípọn bọ̀, tó kàn wá já lójijì lẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti wú. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ká ní o fi ìka méjì fún ọ̀bẹ yẹn kí o tó gbé e lọ ilé ìwé ni, abẹ́rẹ́ ìbá má kan ọwọ́ rẹ.

Èkejì. Òkúta. Mo fi ọ̀kan sínú àpò yìí fún ọ. Ẹ̀gbẹ́ kan rí ṣákiṣàki, ẹ̀gbẹ́ kejì kúnná. Má lọ pọ́n ọ̀bẹ lórí àtẹ̀gùn ilé onílé mọ́, mo ti rí àpá rẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí mo wá kí yín, ojú sì tì mí fún ọ, ibẹ̀ ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí mo dín kù ti ń wú padà. Rẹ òkúta sínú omi títí tí kò fi ní máa hó mọ́. Tẹ́ àkísà tútù sílẹ̀ kí o tó gbé e lé e, kó má baà yọ̀ nígbà tí o bá ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù tí kò ní àpá. Omi kò gbọ́dọ̀ gbẹ lórí rẹ̀. Bí o bá ń pọ́n, omi náà á di dúdú, á máa ki bí ẹrẹ̀. Mo mọ̀ ọ́, o kò lè rí ìdọ̀tí kí o má nù ún. Jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀. Ẹrẹ̀ yẹn ló ń bá ọ ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí ẹ kì í fẹ́ ṣe, nítorí kò ní ariwo, kò sì yá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni o ó kọ́kọ́ dín kù. Lo ẹ̀gbẹ́ ṣákiṣàki. Tẹ́ ọ̀bẹ lé òkúta kó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn pátápátá. Fi ìka ọwọ́ kejì tẹ ara rẹ̀ níbi tí o ti mọ̀ pé ó nípọn, má tẹ ẹnu rẹ̀. Tì í lọ, fà á bọ̀, láti ìdí títí dé ṣóńṣó. O kò ní rí i pé ó ń mú. Á tilẹ̀ dà bíi pé o ń fi àkókò ṣòfò. Ìgbà tí ìyá kọ́kọ́ ṣe é níwájú mi, mo rò pé àgbà ti dé sí wọn, mo ní, "Ìyá, ẹnu rẹ̀ kọ́ lẹ ń pọ́n yẹn o." Wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n gbé gbágùúdá kan lé mi lọ́wọ́, èèpo rẹ̀ bọ́ láìsí pé mo tẹ ọ̀bẹ rárá. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko mọ́ni lọ́wọ́. Tìrẹ tilẹ̀ ju pé ó le lọ, ẹ̀jẹ̀ lo fi san án.

Bí o bá ṣe ẹ̀gbẹ́ kan, ṣe ìkejì kó bá a dọ́gba. Gbọ́ èyí dáadáa. Lẹ́yìn tí ìyá kọ́ mi tán, ìgbéraga dé, mo ní mo ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló rọ ọwọ́ mi lọ́rùn, òun nìkan ni mo sì ń ṣe. Ọ̀bẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Bí mo bá fi gé iṣu, á wọlé lóòró, á jáde níbùú. Mo dín dùndún fún bàbá rẹ, orí kan jó, orí kejì kò jinná. Bàbá rẹ wo abọ́, wọ́n wò mí, wọ́n ní ṣé orí òkè ni mo ti gé iṣu náà ni. Ọ̀bẹ tí a ṣe ní ẹ̀gbẹ́ kan kì í ṣe ọ̀bẹ, ìṣòro ni. Má gbàgbé pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Mo dé ẹ̀kẹrin àbí ẹ̀karùn-ún? Bàbá rẹ wá dá mi lẹ́nu, wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé kí o kàn máa mú un bí àdá, pé irin ni irin. Mo ní kí wọ́n lọ fi àdá bó ọsàn wọn. Wọ́n ti jáde lọ. Má dá bàbá rẹ lóhùn lórí ọ̀rọ̀ yìí láé. Wọ́n mọ àdá, kò sẹ́ni tó lè bá wọn du ìyẹn, àmọ́ àdá ń ṣá igbó ni, igbó kò sì bìkítà bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú.

Ẹ̀kẹrin ni, mo ti wò ó. Ẹnu ló kàn. Nísinsìnyí ni kí o gbé ẹ̀yìn ọ̀bẹ sókè díẹ̀, kí ọmọńdinrín rẹ lè wọ abẹ́ rẹ̀ kó má lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí o ṣe gbé e yẹn ni kó wà. Má ṣe máa gbé e sókè kí o tún máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí ẹni tó ń jó. Pọ́n ẹ̀gbẹ́ kan títí tí o fi máa fọwọ́ kàn án lódìkejì kí o mọ̀ pé irin kékeré kan ti ká síbẹ̀, láti ìdí dé ṣóńṣó, tó ń há ọwọ́ díẹ̀. Ìgbà náà ni kí o yí i padà. Tó bá ti ká sí apá kejì náà, bọ́ sórí ẹ̀gbẹ́ tó kúnná, kí o jẹ́ kí ọwọ́ rẹ fúyẹ́, apá yìí lẹ́ẹ̀kan, apá ọ̀hún lẹ́ẹ̀kan, títí tí irin kékeré yẹn fi máa bọ́ lọ. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ á rò pé ọ̀bẹ òun mú. Bó bá di ọ̀sán, á ti tẹ̀ padà, á sì máa bú òkúta.

Má fi àtàǹpàkò dán ọ̀bẹ wò mọ́. Ta ló kọ́ ọ? Èmi kọ́. Wá tòmátò tó ti rọ̀, gbé ọ̀bẹ lé e, fà á, má tẹ̀ ẹ́. Bó bá wọ awọ rẹ̀ láìjẹ́ pé tòmátò bẹ́, ó ti tó. Lẹ́yìn náà kí o gé iṣu. Tòmátò ló ń sọ bí ẹnu ṣe rí, iṣu ló ń sọ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ti wẹ́dà wá kù. N kò bínú sí ọkọ rẹ. Ọkùnrin tó gbé ọ̀bẹ ìyàwó rẹ̀ rìn lọ sójú títì nítorí àánú, ó yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bá mi sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn gbóná ju ohun tí irin ọ̀bẹ lè gbà lọ. Ibi tó bá ti rí bí aró lẹ́nu ọ̀bẹ, ó ti jó nìyẹn, kò ní lè di ẹnu mú mọ́ bó ti wù kí o pọ́n ọn tó. Nígbà tí mo tú ìwé ìròyìn tí o fi wé e, mo rí aró yẹn láti àárín títí dé ṣóńṣó. Ojú mi rẹ̀ wẹ̀sì. Gbogbo ibẹ̀ ni mo ní láti fi òkúta jẹ kúrò. Bàbá rẹ ní kí n fi í sílẹ̀, mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀.

Àwọn ohun kéékèèké ló kù, n kò ní ka iye wọn. Má fi ọ̀bẹ sùn sínú ọpọ́n omi ọṣẹ, bí ẹni tó fẹ́ fọ abọ́ bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ìwọ ló pa á lára. Má gé nǹkan lórí àwo irin. Ọ̀bẹ tí a ti dín ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kù kì í ṣe ti eegun, kì í ṣe ti pánla. Yan ọ̀kan nínú àwọn tó wà nínú àpò tí o kò ní dín kù, òun ni kí o máa fi bá eegun jà. Bí àárín òkúta bá jin, da iyanrìn àti omi sórí sìmẹ́ńtì lẹ́yìn ilé, kí o fi òkúta ra á níbẹ̀ títí tó fi máa tẹ́jú. Àwọn obìnrin tó wà lábẹ́ rẹ ní ìdáná yẹn, kọ́ wọn. Má pọ́n ọn fún wọn. Mo pọ́n ọn fún ọ, wo ibi tó gbé wa dé.

Àṣàkẹ́, ọkọ mi, mo ti jágbe mọ́ ọ tó. Ìbínú kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Láti bí ọjọ́ mélòó kan ni ọwọ́ ọ̀tún mi ti ń kú láràárọ̀, mo á jí, òun kò ní jí, àfi kí n fi omi gbóná bẹ̀ ẹ́. Bàbá rẹ nìkan ló mọ̀. N kò sọ fún ọ, ìwọ náà kò sọ fún mi pé wọ́n rán ọ lọ́wọ́, ó jọ pé inú ẹ̀jẹ̀ wa ló wà. Ọwọ́ tó ti ń pọ́n ọ̀bẹ fún ọ kò ní lè pọ́n ọn pẹ́ mọ́. Bí mo bá ń ronú nípa ọjọ́ tí àpò ọ̀bẹ rẹ yóò dé, tí n kò ní lè ṣe nǹkan kan sí i, tí o ó sì tún gbé e lọ síbi iná, tí o ó tún fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ lórí iṣu, oorun kì í kùn mí. Ìka tí mo kà lọ́jọ́ tí mo bí ọ ni, wọ́n pé. Mo fẹ́ kí wọ́n pé bẹ́ẹ̀ títí n ó fi kú.

Nítorí náà ni n kò ṣe pọ́n àwọn ọ̀bẹ tí o fi ránṣẹ́. Mẹ́rin nínú wọn ń bọ̀ bí wọ́n ṣe wá. Ọ̀bẹ ńlá nìkan ni mo fọwọ́ kàn. Mo jẹ aró wẹ́dà kúrò lẹ́nu rẹ̀ tán. Mo tẹ́ ẹ lé òkúta, mo dín ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún kù títí tó fi fẹ́lẹ́ bí ìyá bàbá rẹ ṣe máa ń fẹ́ ẹ. Nígbà tí mo yí i padà sí ẹ̀gbẹ́ òsì, mo dúró. Ọwọ́ mi ṣì lè ṣe é lánàá. Mo kàn gbé e kúrò lórí òkúta ni, mo nù ún gbẹ, mo dì í.

O mọ ohun tó máa ṣe bí o bá gbé e lé iṣu báyìí. Á yà. Fi ìka méjì fún un kí o fi wé, ẹ̀gbẹ́ tí mo ṣe á máa sọ fún ọ bí èyí tó kù ṣe yẹ kó rí. Jẹ́ kí egbò rẹ jinná ná. Kí àwọn tó kù máa gé iṣu fún ọ títí dìgbà náà, olórí wọn ni ọ́, pàṣẹ.

Mo ti sọ fún awakọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ fi àpò yìí lé ọ lọ́wọ́. Mo ní kó gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kó kí ọ, kó sì máa lọ.

Bẹ̀rẹ̀, kí o mú un.

Èmi ni ìyá rẹ.